Ìkẹ́dùn Ẹgbẹ́ Ògbufọ̀ Lórí Ẹlẹ́nu Méjì, àti Iṣẹ́ Tó Pẹ́ Kí N Tó Jẹ́

Sí bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin àgbà télọ̀; sí àwọn ọmọ yín obìnrin méjèèjì; àti sí gbogbo ẹbí olóògbé.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo bí ọlọ ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Àwọn Ògbufọ̀ ní Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè fi ń kọ̀wé sí yín lórí ìpapòdà ìyàwó yín, ìyá yín, ẹni wa, tó fi ayé sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ikú ṣe ohun tí kò yẹ. Ó mú ẹni tí ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ lọ, ó sì fi àwa tá a ti sọ tiwa tán sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ ló ní kí èmi alága kọ ìwé yìí, nítorí pé èmi ni mo bá a ṣiṣẹ́ pẹ́ jù lọ. Yàrá kan náà la jọ wà fún ọdún méjìlélógún, lájà kẹta, tábìlì méjì, fèrèsé kan. Tábìlì tirẹ̀ ló wà lẹ́bàá fèrèsé. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé yàrá náà, ọdún méjì ni mo fi ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti ń fojú sí ẹ̀bá fèrèsé yẹn tipẹ́. Kì í ṣe òun ló gbà á. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ síbẹ̀, torí pé ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ó sì nílò ìmọ́lẹ̀. Síbẹ̀, inú bí mi. Ibi kékeré báyẹn ni ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti kọ ìwé ìkẹ́dùn mọ́kànlá rí fún ẹgbẹ́ yìí. Nínú gbogbo wọn ni mo ti kọ "òṣìṣẹ́ takuntakun" àti "ẹni tó kó èèyàn mọ́ra". Bí mo bá kọ irú rẹ̀ sí yín, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà ò ní pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka èyí tẹ́ ẹ mú dání fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, kí n tó fọwọ́ sí i. Ẹnì kan dìde, ó jáde. Àwọn tó kù ní kí n fi ránṣẹ́ bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ṣe, torí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé orílẹ̀-èdè wa àti orílẹ̀-èdè tó wà lódì kejì òkun lọ́hùn-ún, níbi tí bàbá olóògbé ti ń ṣe káfíńtà ọkọ̀ ojú omi, bára wọn jà fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Wọ́n dá ọkọ̀ wa kan dúró, àwa náà dá tiwọn dúró. Wọ́n lé aṣojú wa, a lé tiwọn. Ọkọ̀ òfuurufú ò lọ mọ́. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún há sọ́hùn-ún, ẹni tó wà níbí há síbí. Orílẹ̀-èdè kẹta ni lẹ́tà ń gbà kọjá, á lo oṣù mẹ́ta lọ́nà, wọ́n á sì ti ṣí i wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí àwa tó kù nínú ẹ̀ka èdè náà ń mu tíì tá a ń ka ìwé ìròyìn torí kò síṣẹ́, olóògbé máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn àgbàlagbà máa ń jókòó sí pẹ̀lú lẹ́tà tí wọn ò lè kà. Á kà á fún wọn. Á bá wọn fèsì. Fọ́ọ̀mù ìrìnnà wa tó jẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá, òun ló gé e kù sí mẹ́rin. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ní kéèyàn to orúkọ gbogbo ẹbí rẹ̀ tó ti kú sílẹ̀ àti ohun tó pa wọ́n. Òun ló yọ ọ́ kúrò. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ lọ kí ọmọ ẹ̀, kí ló kan òkú níbẹ̀?"

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti máa ń wò ó. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ó ń ṣe é káyé lè fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ayé sì fẹ́ràn rẹ̀. Èmi tí mi ò sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi bẹ́ǹṣì yẹn rí, ó máa ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó ń bi àwọn tó wà nísàlẹ̀ léèrè mi.

Orúkọ tí gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí, Ẹlẹ́nu Méjì, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ti pè é bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú ẹ̀rín, torí ẹ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà nígbà tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe wọlé, mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo àwọn tó ń mu tíì lè gbọ́: "Ẹlẹ́nu méjì ti dé o." Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún wọn. Ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ gbàgbé sílé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi da tíì sílẹ̀. Mo fi òkò sọ ọ́, ó fi òkò náà kọ́lé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bó ṣe gbọ́ èdè náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ nílé ìwé, pẹ̀lú ìwé gírámà tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Òun, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dàgbà di ọmọ ọdún méjìlá, ojú títì ló ti kọ́ èdè náà, níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ wọn ṣeré. Mo mọ òfin èdè náà jù ú lọ. Òun ló mọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ télọ̀, òwú lẹ fi ń ránṣọ. Èmi, owú ni mo fi rán tèmi fún ọdún méjìlélógún, aṣọ náà ò sì bo ìhòòhò mi lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ìjà náà pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n rán mínísítà wọn wá láti bá tiwa sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn ńlá àjà kìíní la lò. Èmi ni ògbufọ̀, torí èmi ni àgbà. Olóògbé jókòó sẹ́yìn mi, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Kódà wọn ò tíì bu omi mu tí mínísítà wọn fi dìde, tó sì sọ gbólóhùn kan. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀: "Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ti gbàgbé ẹnu-ọ̀nà yín." Ojú mínísítà wa le koko. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì iwájú rẹ̀ dé. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kékeré lẹ́yìn mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Ojú ló ń tì wọ́n. Bí wọ́n ṣe máa ń tọrọ àforíjì nìyẹn bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó wá kíni."

Mi ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mínísítà wa ti gbọ́. Ó ní kó dìde kó tún un sọ. Ó dìde, ó tún un sọ. Mínísítà wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Sọ fún wọn pé ẹnu-ọ̀nà kì í gbàgbé ẹsẹ̀." Bí olóògbé ṣe sọ ọ́ lédè wọn, ṣe ni gbogbo àwọn àlejò náà pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìpàdé náà gbà. Òun ló túmọ̀ gbogbo ohun tó kù. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀.

Ìpàdé yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Bí ọ̀nà bá ṣí láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lónìí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, obìnrin yìí wà lára àwọn tó ṣí i, ẹgbẹ́ wa sì fẹ́ kí ìran yín mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Wọ́n to orúkọ àwọn mẹ́fà tó máa bá ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ lọ. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun sì ni. Ẹ ò ní gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn, torí ẹ̀yin lẹ rán kóòtù tó fẹ́ wọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni kò fi rí bàbá rẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí i pé òun ń bọ̀.

Orí tábìlì mi ni ìwé ìrìnnà àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà kọjá lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé òǹtẹ̀. Mo fi márùn-ún ránṣẹ́. Mo fi tirẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, mo sì gbé fáìlì lé e lórí. Nígbà tó ku ọ̀la, ọ̀gá bi mí pé ìwé ẹnì kan dà. Mo ní, "Ó dà bíi pé kò tíì mú fọ́tò tuntun wá, sà." Ó ti mú un wá láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀gá pòṣé, ó ní, "Àsìkò ti lọ. Ìwọ ni kó o lọ nígbà náà." Wọ́n kọ "ìjáfara" sínú fáìlì rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ láti ọjọ́ tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì lọ sílé lọ di ẹrù mi.

Wákàtí mẹ́rìnlá la lò lójú òfuurufú. Nígbà tá a débẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan dúró níbi tí wọ́n ti ń pàdé èrò, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó gbé páálí kan sáyà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló kọ sí i: ỌMỌ MI. Ó ń wo ojú gbogbo obìnrin tó ń jáde. Mo lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n èrò tán, òun nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Mo lọ bá a, mo tẹríba.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ibi iṣẹ́ kan náà lèmi àti ọmọ yín wà. Kò lè wá."

Ó wo ẹ̀yìn mi, bóyá mo fi ń ṣeré ni. "Kò wá?"

"Kò wá, sà. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni kò tètè parí."

Ó rọra ṣẹ́ páálí náà po sí méjì. Ó ní kí n wá jókòó. Mo ní wákàtí kan kí wọ́n tó kó wa lọ, torí náà a jókòó sí ilé tíì kan níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè.

"Ṣé ó ṣì máa ń jẹ ìdí bírò?"

"Ó ń jẹ ẹ́, sà. Ó ti ba méjì jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí."

"Ṣé ó ṣì ń fọwọ́ bonu bó bá ń rẹ́rìn-ín?"

"Ọwọ́ òsì, sà."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń dùn ún bí òtútù bá mú ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ní àpótí kékeré kan tó máa ń gbé e lé lábẹ́ tábìlì."

Kò sí ohun tó bi mí tí mi ò mọ̀. Bó ṣe ń rìn, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ bó bá ń wá ọ̀rọ̀ tó sọnù, orúkọ tó ń pe àwọn ọmọ yín lórí fóònù. Bàbá náà di ọwọ́ mi mú, omi lé rodo sójú rẹ̀, ó ní, "O mọ ọmọ mi gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà ni ẹ́." Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí owú ti sọ mí dà. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti fi ń ṣọ́ obìnrin yìí bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku, títí mo fi mọ̀ ọ́n ju bí ọ̀rẹ́ ṣe ń mọ ọ̀rẹ́ lọ.

Kí n tó dìde, ó tún pa dà sórí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà náà. "O ní kò tètè parí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Fọ́tò ni kò tètè mú wá."

"Rárá," ni bàbá náà wí. Kò gbóhùn sókè. "Ọmọ mi kì í pẹ́. Láti kékeré, òun ló máa ń jí mi. Ẹnì kan ló dá a dúró. Bó o bá délé, bá mi sọ fún un pé mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kó má ronú o. Sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Mi ò mọ̀ bóyá ó fura sí mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní kí n máa lọ káwọn ẹgbẹ́ mi má bàa wá mi.

Iṣẹ́ tí bàbá náà rán mi nìyẹn. Iṣẹ́ wa ò ju iṣẹ́ jíjẹ́ lọ; ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ tí kò jẹ́ ẹ, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara rẹ̀ ní ògbufọ̀. Nígbà tí mo padà, ó ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Kò tíì mọ nǹkan kan nígbà yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí bàbá mi?"

"Mo rí wọn. Ara wọn le."

"Kí ni wọ́n sọ? Ṣé inú bí wọn pé mi ò wá?"

Mo ń tú báàgì mi. Mo ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan."

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Mo ti gba ìrìn àjò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni pé bàbá mi tó bí mi lọ́mọ, nígbà tó wà láyé, kò sí ìròyìn burúkú kan tí wọ́n mú wá nípa mi tí kò gbà gbọ́. Mo wá rí bàbá tí wọ́n parọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ lójú ara rẹ̀, tí kò gbà á. Mi ò lè fi ẹnu ara mi gbé ìyẹn fún un.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, kí lẹ́tà tó kọ sí bàbá rẹ̀ tó dé ọ̀hún, wọ́n tẹ̀ ilé-iṣẹ́ wa láago láti ọ̀hún pé ọkàn bàbá rẹ̀ dúró lójú oorun. Oṣù karùn-ún ni ọkọ̀ òfuurufú kejì gbéra. Ó lọ, ó rí sàréè. Nígbà tó padà dé, akọ̀wé òǹtẹ̀, tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, sọ fún un pé inú dúrọ́ọ̀ mi lòun ti rí ìwé ìrìnnà rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò tuntun nínú rẹ̀. Ó wọ yàrá wa, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga mi ìgbàlejò. "Mo mọ ibi tí pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́sẹ̀ yẹn," ló wí.

Mo rò pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ti ń bọ̀.

"Mi ò ní fẹjọ́ yín sùn," ló wí. "Bí mo bá fẹjọ́ yín sùn, wọ́n á lé yín lọ. Kò sì sí ẹlòmíì láyé yìí tó rí bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Torí náà ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún mi."

Mo sọ fún un títí wọ́n fi tilé-iṣẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, páálí, tíì tí bàbá náà ò mu tán. Láti ìgbà náà, bóyá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́ẹ̀mejì nígbà míì, á ṣàdédé gbójú sókè nídìí iṣẹ́ rẹ̀: "Ṣé wọ́n ti hewú tán?" "Ọwọ́ wo ni wọ́n fi gbé kọ́ọ̀bù?" Màá dáhùn. Ó bi mí nígbà kan pé ṣé ó dá mi lójú pé wọn ò sọ nǹkan kan nípa àìwá òun. Mo ní ó dá mi lójú. Ó wo ìta láti ojú fèrèsé, ó ní, "Mo ń jowú yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lo wákàtí kan pẹ̀lú wọn." Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi fẹ́ kó jowú mi. Nígbà tó wá jowú mi, ó dà bíi pé wọ́n fún mi ní májèlé mu.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò di olórí ẹ̀ka láéláé. Ọ̀rọ̀ "ìjáfara" tó wà nínú fáìlì rẹ̀ ni kò jẹ́. Èmi ni wọ́n fi joyè náà. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ wa tẹ̀ jáde, ìwé àjákọ mẹ́tàdínlógún ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kó tó pé. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ ò ju kí n ka ewé àkọ́kọ́ kí n sì fi àmì ìdánudúró mẹ́ta kún un lọ. Orúkọ mi ni wọ́n tẹ̀ ṣáájú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo wá kí i ní ọsibítù. Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀, ẹ ti lọ ra oògùn kíndìnrín tí dókítà kọ. Oòrùn ọ̀sán tàn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti gbèrò pé màá bá a sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́. Bó ṣe wò mí báyìí, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Bàbá yín sọ nǹkan." Mi ò pè é ní "yín" rí.

Mo sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, bí bàbá náà ṣe rán mi. Ó kọjú sí ògiri. Mo ń gbọ́ tí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń húkọ́. Ó wá ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Kì í ṣe bí ìwé. Ní ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́." Mo fi ohùn bàbá náà sọ ọ́, jẹ́jẹ́, láìgbé ohùn sókè. Ní ìgbà kẹta, ẹnu rẹ̀ ń mì pọ̀ mọ́ tèmi: Ọmọ mi kì í pẹ́. Láti kékeré, òun ló máa ń jí mi.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n." Ìyẹn nìkan. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun ò dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Mo fẹ́ dá wà pẹ̀lú bàbá mi."

Mo pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù oògùn lọ́wọ́ yín, ẹ sì kí mi dáadáa. Ẹ sọ fún mi níbi ìsìnkú pé nígbà tẹ́ ẹ wọlé, ṣe ló ń sunkún tó ń rẹ́rìn-ín, pé ẹ bi í léèrè, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n ló wá jíṣẹ́ kan fún mi." Ẹ ní ẹ ò mọ iṣẹ́ wo ni. Ìdí tí ìwé ìkẹ́dùn yìí fi gùn tó báyìí nìyẹn. Ẹ sì tún gbọ́ èyí: títí mo fi dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ yẹn, obìnrin tó ń kú lọ ni mo ń jowú, torí ó ní bàbá tó ń bá a gbé nínú yàrá yẹn, èmi ò sì ní.

Ẹgbẹ́ wa ti pinnu àwọn nǹkan kan. Mo ti fẹjọ́ ara mi sùn lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun; ohun tí wọ́n bá fi ṣe èrè mi, mo gbà á. Ọ̀rọ̀ "ìjáfara" ti kúrò nínú fáìlì rẹ̀, ẹ̀dà ìwé yìí ló rọ́pò rẹ̀. Wọ́n máa tún ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ náà tẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò sì wà lára rẹ̀. Aṣojú orílẹ̀-èdè kejì, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú ewé mẹ́rin nípa olóògbé (ó wà pẹ̀lú èyí, mo kà á, mo sì jowú gbogbo ìlà rẹ̀), ti ní òun máa gba ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín lálejò bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ rí sàréè bàbá wọn àgbà. Akọ̀wé òǹtẹ̀ tuntun á wá bá yín nílé fún fọ́ọ̀mù àti fọ́tò. Kò sí ìkankan nínú ìwé yẹn tó máa gba orí tábìlì mi kọjá. Àbúrò nínú àwọn ọmọ yín tó ń kọ́ èdè tí ìyá rẹ̀ ń túmọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ti yọ̀ǹda ara wọn láti máa kọ́ ọ lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mi ò sí lára àwọn mẹ́ta náà, ẹ̀yin lẹ máa sọ bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rí mi. Bẹ́ ò bá fẹ́, ẹ má dá mi lóhùn, mi ò ní bínú.

Kí Ọlọ́run tó gbọ́ gbogbo èdè láìlo ògbufọ̀ gbọ́ èyí tí ẹ ò lè sọ jáde. Kó jókòó tì yín ní ọ̀sán tí ilé bá dákẹ́ jù. Kó ti àwọn ọmọ náà lẹ́yìn lójú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ pa irọ́ mọ́ wọn, kí wọ́n sì máa rí ẹni tí yóò sọ pé, "Rárá, mo mọ ọmọ mi." Kó fún ìyá wọn ní ìsinmi lọ́dọ̀ ẹni tó dúró dè é. Àmín.

Tiyín nínú ọ̀fọ̀ yìí,

Alága Ẹgbẹ́ Àwọn Ògbufọ̀, títí di òpin oṣù yìí.